Kọ́là Tí Kò Ní Ẹ̀wù

Ọjọ́ kẹta nìyẹn tí mo ti ń rán kọ́là tí kò ní ẹ̀wù.

"Pẹ̀lẹ́," ọ̀rẹ́ mi pè mí láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, "ìwọ ń rán ọrùn, èmi ń rán apá. Ta ló wá ń rán ikùn?"

"Pa ẹnu dé, jọ̀ọ́. Wọ́n á ní a ò lẹ́kọ̀ọ́."

"Ẹ̀kọ́ wo ló tún kù? Ẹ̀yìn mi ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ láti ọjọ́ Ajé." Ó gbé apá ẹ̀wù kan sókè, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó sì fi í juwọ́ sí mi bí ìyàwó gómìnà. Díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́rìn-ín. Torí irú eléyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Arẹ́rìn-ín níbi tí a ti jọ kọ́ṣẹ́. Èmi ni wọ́n sọ ní Pẹ̀lẹ́, nítorí pé ọdún mẹ́ta gbáko ni mo lò lọ́dọ̀ ọ̀gá wa tí ẹnikẹ́ni kò rí ìbínú mi rí.

Àwa mọ́kànlá la wà nínú yàrá náà, fèrèsé kan ṣoṣo ló sì ní. Gbogbo wa la rí ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì: A Ń WÁ ARÁNṢỌ MẸ́TA. Ẹ WÁ ṢE ÌDÁNWÒ. Màdáámù tó ni ilé ìránṣọ náà, obìnrin gíga kan tí òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ló fúnra rẹ̀ pín iṣẹ́ fún wa. Ó fún mi ní kọ́là, ó fún Arẹ́rìn-ín ní apá. Ó fún ọkùnrin kan tó wọ gíláàsì ní àpò àyà. Bàbá Àgbà ni a ń pe ọkùnrin náà, torí òun nìkan ló ní ewú lórí láàárín wa.

"Ọjọ́ márùn-ún ni ìdánwò yìí," Màdáámù sọ fún wa. "Ọwọ́ yín ni mo fẹ́ wò, kì í ṣe ẹnu yín. Ẹni tó bá yege, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló di òṣìṣẹ́."

Kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè kankan. Bẹ́ẹ̀, aránṣọ ni gbogbo wa! Bí ènìyàn bá fẹ́ dán aránṣọ wò, odindi ẹ̀wù ló máa ní kó rán, kó lè rí bó ṣe wọ̀n ọ́n, bó ṣe gé e, bó ṣe so ó pọ̀. Ta ló ń fi ogójì kọ́là lóòjọ́ dán ènìyàn wò? Ọmọ iṣẹ́ oṣù mẹ́fà yẹ kó mọ̀ pé nǹkan kan ń rùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wáṣẹ́ máa ń rò pé ìbéèrè ni yóò lé oúnjẹ lẹ́nu òun. A tẹrí ba, a ń rán lọ. Àṣìṣe wa nìyẹn.

Èmi tún ní ìdí mìíràn tí mi ò fi bèèrè. Agéṣọ ni ìdí náà.

Òun ló ń gé aṣọ fún Màdáámù. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ, ó mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, ó ń gé aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà ìfẹ́. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ẹsẹ̀ mi sì gbàgbé pé ìrìn ni òun ń rìn. Oṣù mẹ́rin la ti jọ ń sọ̀rọ̀. Òdòdó ló ń pè mí. Nínú ọkàn mi, mo ti rán aṣọ ìgbéyàwó wa tán, ó ku bọ́tìnnì. Òun ló sọ̀rọ̀ ìdánwò náà fún mi. Èmi ni mo sì lọ fa Arẹ́rìn-ín lọ́wọ́ wá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta yẹn, òwú tán lórí ẹ̀rọ mi. Mo dìde, mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ń kó òwú sí.

Òwú kọ́ ni mo rí.

Ẹ̀wù ilé-ìwé ni, funfun báláú, ìlà mẹ́rin lórí irin gbọọrọ tí wọ́n fi wọ́n kọ́. Kọ́là mi wà lọ́rùn wọn. Apá tí Arẹ́rìn-ín rán wà léjìká wọn. Àpò Bàbá Àgbà wà láyà wọn. Wọ́n ti kó òmíràn sínú páálí ńláńlá nílẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ilé-ìwé kan sára páálí náà. Agéṣọ nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń ṣẹ́ ẹ̀wù.

"Kí nìyí?" mo bi í.

Ó yíjú. Kò rẹ́rìn-ín sí mi. "Òdòdó, ta ló ní kí o wọ ibí?"

"Mo ní kí nìyí?"

"Rọra sọ̀rọ̀. Ilé-ìwé ń wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bọ̀ wá kó ẹ̀wù wọn."

"Ìdánwò ńkọ́? Àwọn mẹ́ta tí ẹ fẹ́ gbà ńkọ́?"

Ó mí kanlẹ̀. "Ọdọọdún ni. Bí ìwọlé bá ti kù fẹ́ẹ́fẹ̀ẹ́, a máa lẹ ìkéde. Lọ́jọ́ Ẹtì, a máa sọ fún wọn pé wọn ò yege. Kò pa ẹnikẹ́ni lára. Wọ́n á kàn lọ wáṣẹ́ síbòmíràn."

"Àwa ni 'wọn' yẹn!"

"Ìwọ kọ́." Ó sún mọ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú. "Mo ti bá Màdáámù sọ̀rọ̀ rẹ. Ṣé o rò pé mo lè jẹ́ kí wọ́n lò ọ́ dànù? Torí tìẹ ni mo ṣe ń fara dà á níbí."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo mọ̀ pé ẹ ti ń pariwo pé kí n já ọwọ́ mi gbà. Mi ò já a gbà. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, ojú rẹ̀ sì ń bẹ̀ mí. Mo mú òwú mi, mo padà sídìí ẹ̀rọ, mi ò sì lè wo apá ọ̀dọ̀ Arẹ́rìn-ín.

Kó tó di àkókò àtilọ sílé, Màdáámù ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ìwé ìgbàsíṣẹ́ wà lórí tábìlì, orúkọ mi ti wà lórí rẹ̀.

"Jókòó. Mo gbọ́ pé o ti wọ yàrá ẹ̀yìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ọwọ́ rẹ mọ́. Ẹni tó ń bójú tó àwọn aṣèdánwò fún mi tẹ́lẹ̀ ti bá ọkọ ẹ̀ kó lọ. Ìwọ ni mo fẹ́ kó gba ipò ẹ̀. Owó oṣù ni màá máa san fún ọ. Wàá ní tábìlì tìrẹ, wàá ní àga tìrẹ. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì, wàá pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wàá fi ibi tí iṣẹ́ wọn kù sí hàn wọ́n, wàá ní ó dàbọ̀. Ó parí."

"Bí iṣẹ́ wọn ò bá kù síbì kan ńkọ́, mà?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ mi, kò sí aṣọ tí ènìyàn ò lè rí àbùkù lára ẹ̀ bó bá fẹ́ rí i."

Mo rántí Màámi. Ilé ìwòsàn ni Màámi ti ń nu ilẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti dúdú, wọ́n ti yi bí awọ bàtà. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó ní láti di ògiri mú kó tó lè jókòó. Mo ti ṣèlérí fún un pé bí mo bá ti ríṣẹ́, kò ní kúnlẹ̀ nu ilẹ̀ mọ́.

Mo buwọ́ lùwé náà.

Màámi jó nígbà tí mo délé. Kò mọ ìwé kà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó fi ìka tọ orúkọ mi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó gbé ìwé náà sórí, ó ń fi orúnkún tó ń ro ó jó káàkiri yàrá. "Ọmọ mi dòṣìṣẹ́! Ojú ti ẹlẹ́gàn!" Lójijì ló dúró. "Arẹ́rìn-ín ńkọ́? Wọ́n gba òun náà?"

"Wọn ò tíì sọ, Màámi."

Irọ́ wo ni mo tíì pa fún ìyá mi tó dà bí ìyẹn?

Ní ọjọ́ kejì, Màdáámù fa kọ́là mi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó sì mú mi jókòó sí tábìlì. Inú Arẹ́rìn-ín dùn jù mí lọ. "Pẹ̀lẹ́ ti dọ̀gá!" ó ń ké. "Ẹ bá mi kí i o! Tèmi náà ti bọ́ sí i nìyẹn. Ẹni tó lẹ́nìkan lókè, ṣé ó tún ń já sílẹ̀?" Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́. Mo ń wo ìwé tó wà níwájú mi bí ẹni pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Mo pe ẹni àkọ́kọ́, mo ní ojú rírán rẹ̀ wọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo pe ẹnì kejì, mo ní ó ń yára jù. Òun náà dúpẹ́! Ẹnì kẹta ni Arẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!" Ó kúnlẹ̀ ẹsẹ̀ kan, ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

"Jókòó."

Ó wo ojú mi, ẹ̀rín kúrò lójú òun náà. Màdáámù dúró lẹ́nu ọ̀nà, lọ́fínńdà rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Mo mú apá ẹ̀wù méjì nínú iṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Mo wò wọ́n síwá sẹ́yìn. Ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ gan-an kò lè rán wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Apá rẹ kò dọ́gba," mo wí.

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. O ò yege."

Mo ń dúró kó pariwo. Bó bá pariwo, bó bá bú mi, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Kò pariwo. Ó gba apá náà lọ́wọ́ mi, ó yí i pa dà, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Èmi ò rí i o," ó rọra wí. "Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìwọ lo sọ ọ́... Bó bá jẹ́ Màdáámù ló sọ ọ́ ni, ǹ bá ní irọ́ ni. Ìwọ ò lè purọ́ fún mi." Ó gbé e wálẹ̀. "Àṣé ọwọ́ mi ò gba iṣẹ́ yìí. Ọdún mẹ́ta, Pẹ̀lẹ́. Bàbá mi ta ilẹ̀ kó tó rówó ẹ̀kọ́ṣẹ́ yẹn san. Màá kúkú lọ wá nǹkan mìíràn ṣe."

Ó tẹ́ apá ẹ̀wù náà dáadáa sórí tábìlì, ó jáde. Kò wẹ̀yìn.

Ṣé ẹ rí i? Màdáámù jí iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún rẹ̀. Èmi ni mo wá jí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn lára.

Bí Màdáámù ti padà sí ọ́fíìsì rẹ̀, Agéṣọ wọlé ní wàràǹṣeṣà, ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi. "O ṣe é dáadáa, Òdòdó. Ti àkọ́kọ́ ló máa ń le. Bó bá yá, kò ní dùn ọ́ mọ́."

"Kò ní dùn mí mọ́?"

"Wò ó, ọdún mẹ́ta rèé, kò dun èmi mọ́."

Nǹkan kan gbiná nínú mi. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ìbínú máa ń fọ́ ènìyàn lójú. Irọ́ ni. Tèmi là mí lójú lọ́jọ́ náà. Mo wo ọwọ́ tó wà léjìká mi, ọwọ́ tí mo ti gbé orí lé sùn nínú àlá mi, mo sì rí ohun tó jẹ́: ọwọ́ tó gé aṣọ tí wọ́n fi rẹ́ wa jẹ. Inú bí mi sí i. Inú bí mi sí Màdáámù, sí ìkéde tó wà lára géètì, ṣùgbọ́n ẹnu ara mi ni inú bí mi sí jù lọ. Mo gbọn ọwọ́ náà dànù bí ẹni gbọn kòkòrò.

Àwọn méje tó kù jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ń dúró kí n pè wọ́n.

"Ẹ dìde," mo wí. "Gbogbo yín. Ẹ wá wo ìdánwò yín."

Mo ta ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn nípàá, ó ṣí gbàgà.

Bàbá Àgbà yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó rìn lọ síbi ẹ̀wù kan, ó ki ìka méjì bọ àpò àyà rẹ̀. "Àpò mi rèé," ó wí. "Mo rán igba àpò láàárín ọjọ́ márùn-ún. Kọ́bọ̀ kan ò sí nínú àpò tèmi."

"Olè!" ọmọbìnrin kan tó ti ń rán ojú bọ́tìnnì kígbe. "Olè tó ń pa lọ́fínńdà!"

Màdáámù sáré dé. "Ta ló ṣílẹ̀kùn yẹn? Ẹ jáde! Màá pe ọlọ́pàá fún yín!"

"Ẹ pè wọ́n, mà." Bàbá Àgbà jókòó sórí páálí kan, ó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. "Àwa ti ní ẹlẹ́rìí tiwa. Gbogbo wọn ló wọ funfun." Àwọn yòókù náà jókòó sórí páálí, ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Màdáámù kọjú sí mi. "Ìwọ! Lẹ́yìn gbogbo oore tí mo ṣe ọ́!"

"Oore wo?" Ohùn tó ti ẹnu mi jáde, èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n rí. "Àga tí ẹ fún mi kí n lè gùn lé orí àwọn ẹgbẹ́ mi? Irọ́ ni ìkéde yín! Irọ́ ni ìdánwò yín! Ẹ ò wá aránṣọ mẹ́ta, ọ̀fẹ́ lẹ̀ ń wá! Apá Arẹ́rìn-ín dọ́gba, mà! Ó dọ́gba, ẹ̀yin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀!"

"Òdòdó," Agéṣọ fa aṣọ mi, "o fẹ́ ba ayé wa jẹ́ ni?"

"Ayé ta ni? Ìwọ mọ̀ láti ọjọ́ Ajé. O ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, o ń ṣẹ́jú sí mi, mo ń rán kọ́là ọ̀fẹ́!"

"Torí ìfẹ́ ni mo ṣe bá ọ wá ipò..."

"Má fi ìfẹ́ bo olè mọ́lẹ̀. Bó o bá fẹ́ràn mi, dúró tì mí nísinsìnyí. Sọ̀rọ̀."

Ó wò mí. Ó wo Màdáámù. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó mú kọ́là kan tó jábọ́ sílẹ̀, ó ń gbọn eruku ara rẹ̀. Ìdáhùn tí mo gbà nìyẹn. Mo rò pé ọkàn mi máa bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Inú ló kàn tún ń bí mi sí i.

Ọkọ̀ ilé-ìwé fun fèrè ní géètì. Kò sẹ́ni tó dìde lórí páálí. Ó tún fun ún. Màdáámù wo aago, ó wo géètì, ó wo Bàbá Àgbà tó ti ń fi gíláàsì rẹ̀ ṣeré. Ní ìgbẹ̀yìn, ó ṣí báàgì rẹ̀. Ó san owó iṣẹ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Bàbá Àgbà kò sì dìde títí ó fi yọ ti àwọn mẹ́ta tí mo ti lé lọ. Mo gba owó kọ́là mi ti ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀tọ́ mi ni. Ti ọjọ́ méjì tí mo fi jókòó sí tábìlì, mi ò gbà á. Màdáámù fa ìwé ìgbàsíṣẹ́ mi ya níwájú gbogbo wọn.

Mo rò pé Màámi máa gbá mi mọ́ra tí mo bá sọ fún un. Igbe ló fi ta. "Mo jó! O jókòó síbí, o ń wò mí, o jẹ́ kí n jó lórí irọ́! Ta ló rán ọ? Ṣé èmi ni mo ní kí o tẹ ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀ kí orúnkún mi lè sinmi?" Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó ń fọwọ́ pa orúnkún ọ̀hún. "O ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ yẹn?"

"Ibẹ̀ ni mo ń lọ báyìí, mà."

Arẹ́rìn-ín ló ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Mo na owó rẹ̀ sí i, mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. "Apá rẹ dọ́gba," mo wí. "Gbogbo wọn pátá. Mo purọ́ mọ́ ọ."

Kò rẹ́rìn-ín. "Màdáámù ò mọ̀ mí," ó wí. "Bí ènìyàn ṣe ń ja àjèjì lólè ló ṣe jà mí. Ìwọ mọ̀ mí, Pẹ̀lẹ́. O mọ̀ mí, o wò mí lójú, o sì sọ ọ́."

"Mo mọ̀."

"Màá padà sídìí ẹ̀rọ mi. Kì í ṣe torí pé ìwọ sọ bẹ́ẹ̀. Torí pé mo bá apá méjì mìíràn nínú báàgì mi nígbà tí mo délé, mo fi téèpù wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo rí i fúnra mi. Má tíì wá síbí ná." Ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Oṣù méjì ti kọjá. Mi ò tíì ríṣẹ́, Màámi ṣì ń kúnlẹ̀ nu ilẹ̀, inú ṣì ń bí mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó jáde wáṣẹ́ láìpẹ́, ẹ fetí sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ṣe ìdánwò, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín ṣe. Ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi. Bí wọ́n bá sì fún yín ní àga, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó jókòó, torí ó lè jẹ́ orí ẹgbẹ́ yín ni wọ́n gbé e lé. Iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ó lè rí òmíràn. Ọ̀rẹ́ tí ènìyàn bá fẹnu ara rẹ̀ bà lọ́kàn jẹ́ ńkọ́? Ẹyin lọ̀rọ̀. Mo ti jẹ́ kó bọ́.

Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ẹ̀yìn fèrèsé rẹ̀ kọjá lọ wáṣẹ́. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó ń dún kíkankíkan. Mi ò tíì kanlẹ̀kùn. Ọjọ́ tí òun bá ní kí n wọlé ni màá wọlé.